Àwọn Oníbàárà Ummu-Kulthum

"Ẹ má tíì ra ohunkóhun lọ́wọ́ mi lónìí. Òtítọ́ kan ti há mi lọ́fun, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ jáde."

Ọ̀rọ̀ tí Munirah fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣí fídíò lórí fóònù rẹ̀, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ìlọrin títí dé Kánò jókòó tí wọ́n ń wò ó. Tùràrí tuntun ni wọ́n ń retí. Àwọn kan rò pé àwàdà ló ń ṣe, wọ́n ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Munirah ò ṣe àwàdà, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà tí kò yé òun alára, bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ ẹrù ńlá kalẹ̀.

Agboolé kan náà lẹ́yìn Ọjà Tuntun ni òun àti Ummu-Kulthum ti dàgbà. Ummu-Kulthum ló mọ tùràrí pò, èyí tí wọ́n fi ń fín ilé àti aṣọ. Jummai ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣúgà àti lọ́fínńdà se igi olóòórùn, àti bí imú ṣe ń sọ fún èèyàn pé ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó gbé ọjà náà sórí fóònù, ńṣe ló tàn bí iná ọyẹ́. Àwọn ìyàwó tuntun ní Àbújá ń béèrè, àwọn ìyá àgbà ní Ìbàdàn ń béèrè. Munirah ló ń bá a di ẹrù, tó ń bá a gbé e lọ fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì. Bí fóònù bá ti dún báyìí, ọkàn rẹ̀ á fò sókè bí ẹni pé òun ni wọ́n ń pè.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Ummu-Kulthum, ara rẹ̀ ò sì tètè yá. Ó fa fóònù ọjà lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Munirah, àmánà ni o, ohun tí mo fi sí ìkáwọ́ rẹ. Ṣáà máa dá wọn lóhùn kí wọ́n má baà lọ."

Munirah dá wọn lóhùn lóòótọ́. Obìnrin kan ní Àbújá béèrè bóyá Munirah alára náà ń ta tùràrí, ó ní òun ń tà á. Ó sáré wọ Ọjà Tuntun, ó ra èyí tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀, ó dì í sínú ike tó rẹwà, ó fi ránṣẹ́. Bí obìnrin náà ṣe dúpẹ́, Munirah jó yí yàrá ká. Kò pẹ́ tó fi kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù náà sínú tirẹ̀, ó ya àwòrán, ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ sórí Wasáàpù. Ó ń sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀rẹ́ òun ti fi òwò sílẹ̀.

"Mo ń sọ fún ara mi pé oníbàárà kì í ṣe ti ẹnì kan," ó wí nínú fídíò náà. "Irọ́ ni. Olè ni mí."

Ní ọjọ́ súná, nígbà tí àáfà pe orúkọ ọmọ náà, Munirah ló pè. Ummu-Kulthum ní orúkọ ẹni tó bá òun di ìsọ̀ mú ló yẹ kí òun sọ ọmọ òun. Àwọn èèyàn ń kí Munirah kú oríire, ó ń dáhùn, ojú ń tì í.

Nígbà tí Ummu-Kulthum padà sídìí ọjà, fóònù rẹ̀ ò dún mọ́. Ó pò tùràrí tuntun, ó gbé e wá bá Munirah. Ó ní kó gbóòórùn rẹ̀ wò, kó sọ òtítọ́, bóyá nǹkan ti yàtọ̀.

"N kò tíì gbóòórùn tó dùn tó èyí rí," Munirah sọ fún àwọn tó ń wò ó. "Mo yí imú pọ̀. Mo ní ó ti yàtọ̀ díẹ̀, pé bóyá oyún ló ba imú rẹ̀ jẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù."

Ummu-Kulthum gbà á gbọ́. Kó tó di ọjọ́ fídíò yìí, ó ti kó gbogbo igi àti lọ́fínńdà rẹ̀ wá fún Munirah, ó ṣàdúrà alùbáríkà fún un, ó ní kó kọ́ ọmọ òun níṣẹ́ náà tó bá dàgbà. Àdúrà yẹn ni Munirah ò lè gbé mì.

"Ẹ̀yin ọmọdé tó fẹ́ ṣí ìsọ̀ lórí fóònù," ó wí, "ẹ ṣí i, ó dùn. Àmọ́ ẹ má fi òkú òwò ẹlòmíì ṣe ìpìlẹ̀. Ummu-Kulthum, mo mọ̀ pé ò ń wò mí. Fi orí jì mí."

Fóònù kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dún. Ummu-Kulthum ni. Munirah gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Imú mi ò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá."

Ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ummu-Kulthum. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún wà nínú ẹ̀rín náà. Ó ní, "Kó igi mi bọ̀ kíákíá. Ti àforíjì, n kò tíì mọ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tajà. Sọ fún wọn pé mo ti dé."

Munirah kọjú sí fídíò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà Ummu-Kulthum fún wọn, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kọ.