Òórùn Iná Lára Kọ̀ǹpútà Morẹ́nikẹ́

Òtítọ́ tí Fọlárìn gbé mì kò dà nínú rẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e padà sílé rẹ̀ ní Ogunu, ẹ̀rù ikú kò bà á tó ẹ̀rù àtigbé ọ̀rọ̀ náà wọ ilẹ̀. Ó ní kí Bímbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, pe obìnrin méjì wá: Morẹ́nikẹ́ tó ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀wé ní Okere, àti Bísí ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja. Bímbọ́lá ní àwọn méjèèjì kì í jókòó sábẹ́ òrùlé kan náà láti ìgbà tí iná ti pa ìyá Morẹ́nikẹ́. Fọlárìn ní ìdí nìyẹn gan-an tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wá.

Wọ́n wá. Morẹ́nikẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bísí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Fọlárìn rán Morẹ́nikẹ́ létí ọjọ́ tó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Jakpa Road. Ẹ̀rọ náà ti gbó, ó máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, á sì kú fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Opó ni Morẹ́nikẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́. Ó béèrè pé ṣé kí òun tún un ṣe ni, àbí kí òun wá òmíràn tí kò wọ́n. Ìjẹ̀bú ni òun àti Fọlárìn, wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, nítorí náà kò tún bi ẹlòmíràn léèrè. Fọlárìn tú ẹ̀rọ náà, ó rí i pé eruku ló di fáànù rẹ̀ pa. Kò kọjá búrọ́ọ̀ṣì àti òróró díẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà kan ti dá padà, pé bó bá ti pẹ́ lórí iná, àpótí kékeré tó ń pín iná nínú rẹ̀ á máa rùn bí ike tó ń jó. Ojúkòkòrò mú Fọlárìn. Kò pààrọ̀ àpótí náà. Ó kàn fi ẹ̀yìn tuntun bo ẹ̀rọ, ó sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé tirẹ̀ ti kú, èèyàn kì í ra oògùn fún òkú, ó sì ta tòkunbọ̀ náà fún un. Bí obìnrin náà ti lọ tán, ó gbọn eruku inú ti àtijọ́, ẹ̀rọ náà tàn, kò sì kú mọ́. Òun ló gbé fún Bímbọ́lá. Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, wo kọ̀ǹpútà náà lórí tábìlì tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó dìde, ó jáde.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, olè lásán ni ì bá pe ara rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ padà wá. Ó ní ẹ̀rọ náà ń rùn, àyà òun sì ń já, nítorí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni ìyá òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ ń sùn.

"Mo wo ojú rẹ," Fọlárìn wí, "mo ní òórùn tuntun ni, á lọ."

Kò lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Morẹ́nikẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí iná, ó lọ ra bébà. Nígbà tó fi máa dé, èéfín ti di ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé ìyá náà jáde, ẹ̀mí ti bọ́. Onílé tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà ránṣẹ́ pe Fọlárìn, nítorí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pé kó wá wo ibi tí iná ti ṣẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó rí àpótí náà tó ti yọ́ bí àbẹ́là, ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́ ikùn bó ti gbóná tó, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ ọ́ sí gọ́tà. Nígbà tó ń bọ̀, ó kọjá lẹ́bàá ààrò ẹja Bísí, tó jẹ́ ayálégbé nínú ilé kan náà. Ó ki ọwọ́ bọ eérú rẹ̀. Tútù ni.

Gbogbo àdúgbò ti dúró dè é. Ó na ọwọ́ sí ààrò náà. "Na from the fish oven the fire come," ó sọ fún wọn ní èdè tí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Wọ́n fọ́ ààrò náà, wọ́n da ẹja sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń pe Bísí ní apààyàn níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Bísí gbá a lápá mú, ó ní, "Bọ̀dá Fọlárìn, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, n ò dáná lónìí." Fọlárìn já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, onílé ti lé Bísí jáde.

Ibẹ̀ ni Fọlárìn sọ̀rọ̀ dé lórí ibùsùn. Ó bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n forí ji òun. Morẹ́nikẹ́ kò wò ó. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́kọ́ la igi mọ́ ààrò yẹn," ó wí.

Bísí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Yorùbá lẹ fi ń jẹ́wọ́ nínú yàrá," ó ní. "Ṣé Yorùbá lẹ fi purọ́ mọ́ mi? Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó gbọ́ tọjọ́sí, ní èdè tí wọ́n fi gbọ́ ọ."

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé Fọlárìn lọ sí Okere. Wọ́n fi í jókòó sórí àga níwájú ògiri tó ṣì dúdú, onílé jáde, àwọn èèyàn sì rọ́ wá.

"No be Bisi," ó wí. "Na me sell that computer. I know say e dey burn."

Onílé ṣí fìlà lórí. Morẹ́nikẹ́ yọ láàárín èrò, ó ń lọ bá Fọlárìn, ọkùnrin náà sì na ọwọ́ sí i. Ó kọjá lára ọwọ́ náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bísí nínú eruku.