Ìpè Tí Mi Ò Dáhùn

Jókòó, ọmọ mi. Gbé abọ́ yẹn sílẹ̀, ebi ò pa mí. Nọ́ọ̀sì tó wá lánàá ò fi pa mọ́ fún mi, ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé lọ. Ìwọ nìkan lo ṣì ń kan ilẹ̀kùn yìí, bí mo bá sì sọ ọ́ tán, ó ṣeé ṣe kí o má kàn án mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́ títí mo fi darúgbó.

O mọ̀ pé gẹdú la fi ń jẹun nílùú yìí kí àwọn àlejò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó mọ ọ̀nà ibí. Wọ́n á so ìtì igi pọ̀ lókè odò, bàbá rẹ á dúró lé e pẹ̀lú ọ̀pá, omi á máa gbé e bọ̀ wá sí sọ́míìlì. Sùúrù là ń pe bàbá rẹ, nítorí kò ní i rárá. Á ti fọ abọ́ kó tó gbé òkèlè ìkẹyìn mì. Èmi ni mò ń ṣọ́ kọ́nà odò, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ ò ti lè rí iwájú. Tó bá kù díẹ̀ kó dé, á ké pé, "Ṣé ó mọ́?" Bí ọ̀nà bá mọ́, n ó dákẹ́. Bí igi bá há, n ó ké pé, "Dúró!" Òun á sì yà sí etí odò. Iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀lẹ gan-an lè ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní Sùúrù lòun máa fi ṣe olórí wa. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí igi! Ó wá bá mi nílé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, abẹ́ yín náà ni mo wà." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Inú mi ń hó.

Lọ́jọ́ kejì, igi há ní kọ́nà, ó dí ojú omi. Mo ń wò ó. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ṣé ó mọ́?" Ọmọ mi, mo gbọ́. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó mọ́?" Mo pa ẹnu mi dé. Mo rò pé igi ọ̀gá ló máa fọ́nká, pé wọ́n á bú u, wọ́n á gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ẹni tó ti dúró lórí igi rí mọ ohun tí igi ń fojú èèyàn rí. Nígbà tí àwọn igi náà kọlu ara wọn, mi ò rí i mọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Ìyá rẹ wá sí sọ́míìlì, ó pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ó dì mí lápá mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi kì í gbàgbé láti pè. Ṣé ó pè?" Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Kò pè." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń sọ pé ìwàǹwára ló pa á. Ìyá rẹ gbé ìtìjú yẹn wọ sàréè.

Nísinsìnyí, ìwọ lò ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò kọjá ní kọ́nà yẹn, níwájú ilé mi níbí. O kọ́ wọn ní ìpè àwọn agégẹdú. Wọ́n á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wọ́n á máa ké níwájú fèrèsé mi, "Ṣé ó mọ́?", wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń fi ọwọ́ bo etí. Tí òjò bá dé tí wọ́n bá lọ, ilé yìí á dákẹ́, mo sì tún ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ.

Foríjì mí bó o bá lè ṣe é. Bó ò bá lè ṣe é, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn nílùú pé bàbá rẹ pè. Lọ́la, bí ọkọ̀ rẹ bá dé kọ́nà tí wọ́n bá ké, n ó gbìyànjú, n ó dìde lọ sójú fèrèsé, n ó ké pé, "Dúró!" Bó o bá fẹ́, dúró. Bó o bá sì kọjá lọ, n ó mọ̀ pé o gbọ́, o kàn ṣe sí mi bí mo ṣe ṣe sí bàbá rẹ ni.