Mo Ní Òkun Ti Gbé Abúlé Bàbá Mi Lọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi kiri. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni ìwé kan tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ pé inú ṣì ń bí mi. Tó bá jẹ́ ẹni tó máa sunkún tọrọ àforíjì lẹ ń wá, èmi kọ́ o. Mo ṣe ibi, mo sì mọ̀ pé ibi ni, àmọ́ ọkùnrin tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe é, mi ò tíì fẹ́ rí i sójú.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Abúlé bàbá mi wà létí òkun, kò jìnnà sí Araromi. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí abúlé, fẹ́ ṣú ìyá mi lópó. Ìyá mi kọ̀. Ó kó wa sínú ọkọ̀, ó gbé wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀ ní Mahintedo. Ibẹ̀ ló ti ń yan ẹja títí mo fi jáde yunifásítì.

Bí mo ṣe parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni mo gbọ́ nípa ètò kan tí wọ́n ń pè ní fẹ́lóṣíìpù. Wọ́n máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, wọ́n á fi ọdún kan kọ́ wọn bí ìjọba ṣe ń ṣètò ìlera: ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì wà, ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé. Ọkàn mi fà sí i gan-an. Wọ́n ní kí oníkálukú mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ olórí abúlé rẹ̀, pé ọmọ ibẹ̀ ni lóòótọ́.

Mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá Bàbá Olórí. Mo kúnlẹ̀ fún un lójú gbogbo ènìyàn. Ó wò mí tán, ó yíjú sí àwọn tó jókòó tì í, ó ní, "Éè ṣe ọma gha." Pé èmi kì í ṣe ọmọ wọn. Ó ní obìnrin tó kó ọmọ rẹ̀ sá lọ ti fi àwọn ọmọ náà fún ibi tó sá lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo ń wo òrùlé bàbá mi.

Bùnmi nìkan ló sáré tẹ̀ lé mi dé etí omi. Ìyàwó ọmọ Bàbá Olórí ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Ó di ẹja yíyan fún mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú." Òun nìkan ló pè mí bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé lọ́jọ́ náà.

Àwọn ẹbí ìyá mi ló padà bá mi gba ìwé lọ́wọ́ olórí Mahintedo. Àwọn elétò fẹ́lóṣíìpù náà mú mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n bá wọn ṣètò àwọn abúlé tí ọkọ̀ ìlera á máa dé, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé nọ́ọ̀sì, tó ń yẹ aláboyún wò. A rìn ká Etikan, a rìn ká ibi púpọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu odò tó wọ abúlé wa, ẹni tó ń wakọ̀ bi mí pé, "Ṣé a ò ní yà ní ulé yín?" Mo ní ibẹ̀ kọ́ ni ilé mi, kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Bí òkun bá ti ń jẹ ilẹ̀ wa, a máa ń tú pákó ilé wa, a ó kó o sẹ́yìn, a ó tún un kàn. Orúkọ abúlé á bá wa lọ. Àmọ́ ẹni tó ya àwòrán ilẹ̀ kò bá wa ṣí. Nígbà tí a ṣí àwòrán náà ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, àmì abúlé wa wà láàárín omi. Ọ̀gá mi obìnrin ní, "Ìwọ lo mọ ẹkùn yìí. Ṣé ibí yìí ṣì wà?"

Mo ní, "Òkun ti gbé e lọ, mà." Ó ṣe "ẹ̀yà," ó sì fa ìlà sórí orúkọ náà.

Mo tan ara mi pé mi ò purọ́, pé ibi tí àmì yẹn wà, òkun ti gbé e lọ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Irọ́ ni. Mo mọ ojúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Bàbá Olórí ní èmi kì í ṣe ọmọ wọn, èmi náà ní wọn ò sí.

Ọkọ̀ ìlera bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń kọjá níwájú wọn, kì í yà. Bàbá Olórí dé fìlà, ó lọ béèrè, wọ́n ní abúlé rẹ̀ kò sí mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin náà dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún un pé kò sí, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí.

Lẹ́yìn náà ni Bùnmi lóyún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, orí ń fọ́ ọ, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Lọ́jọ́ tó ń rọbí, gìrì mú un nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé Igbókòdá. Wọ́n rí òun gbà là. Ọmọ náà kò ké. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọkọ mi, a ò rí i gbé wálé o. Ẹ bá wa bẹ ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún." Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà nígbà yẹn, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹ bú mi bó bá wù yín.

Ìwé tó dé lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Olórí ló fi rán ẹnì kan sí mi. Ó kọ orúkọ mi sí i, ó kọ orúkọ bàbá mi, ó lu òǹtẹ̀. Ó ní ọmọ àbúrò òun ni mí, ọmọ wọn ni mí, àwọn ṣẹ̀ mí. Ó ní kí n bá àwọn sọ fún ìjọba pé àwọn wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ ìlera máa yà.

Ọ́fíìsì wa kò sì ní dá abúlé kankan padà láìrí ìwé olórí ibẹ̀. Bí ọ̀gá mi bá ka èyí, á mọ̀ pé abúlé bàbá mi ni mo ní òkun gbé lọ. Mo pe Bàbá Olórí, mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ òmíràn tí kò ní orúkọ mi nínú. Ó ní, "Mo ti yọ ọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tún ní yọ ọ́ mọ́." Ẹ wo arúgbó yìí! Ọjọ́ tí mo wá orúkọ yẹn wá, ó fi dù mí. Ọjọ́ tí mo ní kó mú un kúrò, kò gbà.

Ìwé náà wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí mo bá gbé e kalẹ̀ ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, Bùnmi á sì gbọ́ irú ẹni tí èmi tó ń pè ní ọkọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ fi ẹnu ara mi sọ fún un ni, àbí kí n kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ fún ọ̀gá mi? Ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà, ẹ má sì pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Bùnmi tún ti lóyún. Ó ti pé oṣù méje, ó sì sọ fún mi lánàá pé ẹsẹ̀ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú.