Ṣílè Fàdákà tí Mo Fi Eérú Fọ̀

Aṣọ ilé-ìwé Fúnmi, ọmọ mi, ni mo ń lọ̀ nígbà tí lẹ́tà Àìná dé láti Kàbà. Àbúrò ọkọ mi ni. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é lójú rẹ̀, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ó ti gbọ́ pé Baba wọn ń kú lọ nílé wa ní Kinkinau, Kaduna níbí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ Baba kí n wá rí wọn. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín." Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì.

Baba ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n ń kó owó fàdákà àtijọ́ ti ìlú Ọba jọ sínú agolo tábà. Wọ́n á gbé e sójú fèrèsé, wọ́n á wò ó bóyá irun orí ọbabìnrin ṣì hàn, bóyá etí owó náà ti jẹ. Ṣílè kan wà níbẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Díẹ̀ péré ni wọ́n rọ lọ́dún rẹ̀. Òyìnbó kan fẹ́ rà á. Owó yẹn ni Àìná fẹ́ fi lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Ṣílè náà dúdú. Nílé ìyá mi, a kì í gbé ohun dúdú síwájú àlejò. Mo yọ́ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń kọ mànà. Mo rò pé inú Baba máa dùn.

Òyìnbó náà gbé e sábẹ́ dígí rẹ̀, ó mirí. Ó ní wọ́n ti ha ojú rẹ̀, òun ò rà á mọ́. Baba wo ẹ̀yìnkùlé: Àìná ló ń fi eérú fọ ìkòkò. Wọ́n ní òun ló ba ṣílè náà jẹ́. Àìná ní òun kọ́, wọ́n ní ó tún ń purọ́. Mo dúró níbẹ̀, ẹnu mi ò là. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ wọn ni, wọ́n á dárí jì í lọ́la.

Wọ́n lé e lọ sí Kàbà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dé ibi òkú àwọn.

Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ó lè pa Baba. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á kú pẹ̀lú ìbínú sí ọmọ wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ ò sí mọ́.

Lánàá, Fúnmi jókòó ti Baba, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ṣílè náà. Mo gbà á. Ó fi Hausa bi mí pé kí ló dé. Baba dijú; mi ò mọ̀ bóyá oorun ni.

Mo ní, "Má nù ún mọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe Àǹtí Àìná."