Oògùn Ìyàwó Mi Tí Mo Gbé Mì

Ẹ dá ọpẹ́ yẹn dúró ná. Ìyàwó mi, aya ọmọ mi, dìde lórí ìkúnlẹ̀, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Àna mi, ìyá ìyàwó, ẹ fìdí lé àga. Láti àárọ̀ tí èsì àyẹ̀wò ti dé pé ara ọmọ wa mọ́, pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò ràn án, ni ẹ ti ń pariwo pé èmi ni mo gba ọmọ là. Irọ́ ni! Díẹ̀ ló kù kí n ṣe é léṣe. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ yìí á bẹ́ mọ́ mi nínú.

Ẹ mọ̀ pé télọ̀ ni mí, ẹ sì mọ̀ pé Màmá Rédíò ni àdúgbò ń pè mí. Nítorí ẹnu mi yìí ni ìyàwó mi kò ṣe sọ fún mi, nígbà tó lóyún, pé wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó da oògùn tí wọ́n fún un sínú ìgò fítámì, ó gbé e sórí fíríìjì. Mo rí ìgò, mo rí ojú ìyàwó mi tó ń dán gbinrin, mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Àṣírí ẹwà rèé." Oyún ló ń dán lójú rẹ̀, èmi àgbàyà ṣe bí fítámì ni. Mo jí ẹyọ kan gbé mì. Lọ́jọ́ kejì mo wo dígí, ó jọ mí pé mo ti ń padà di ọmọge. Mo tún jí òmíràn. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédéé ni wọ́n jẹ́.

Nígbà tí ìgò fẹ́ gbẹ, mo ra súìtì funfun, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e, mo fi ohun tí mo fi ń ha èékánná dán etí rẹ̀ títí tó fi bá oògùn yẹn dọ́gba, mo sì dà á sínú ìgò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, n kò gé ohun tó jókòó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó mi kórìíra oògùn. Ṣe ló máa ń dijú, tí á fún imú pọ̀, tí á fi omi tì í. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, fítámì mi mà ti ń dùn o." Mo ní, "Oyún ló ń yí ẹnu padà." Ẹ ò rí èké!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Èmi, ọmọ mi àti ìyàwó mi jọ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo àbájáde ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Madáàmù, kòkòrò yìí kò dín kù rárá. Ẹ kì í lo oògùn yín. Ṣé ẹ fẹ́ kó ran ọmọ inú yín ni?" Ìyàwó mi ní, "Mò ń lò ó! Ẹ bi Mọ́mì. Òun ni mo dà sínú ìgò fítámì orí fíríìjì." Ọmọ mi ti ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì kọjú sí mi. Mo la ẹnu tí kì í sinmi yìí, mo ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn kì í gbọ́ràn." Ìyàwó mi di ikùn rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń bẹ ọmọ inú rẹ̀ pé kó má bínú.

Bí wọ́n ti jáde, mo ní mo gbàgbé báàgì, mo padà lọ jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Ìyá, ojú yín ò tiẹ̀ dán." Ó ní àsìkò ṣì wà, kí ìyàwó mi má ṣe fo oògùn tuntun tí wọ́n fún un ní ọjọ́ kankan, kí n sì lọ sọ fún ìyàwó mi fúnra mi. N kò sọ. Mo di ọlọ́pàá oògùn, mo ń dúró tì í lójoojúmọ́ títí á fi gbé e mì, ẹ̀ ń pè é ní ìfẹ́. Ìyàwó mi lò ó pé, kòkòrò dín kù kó tó bímọ, wọ́n sì fún ọmọ lábẹ́rẹ́ bó ti délé ayé. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gba ọmọ rẹ̀ là.

Ìyàwó mi, ẹnu mi lo sá fún, ẹnu mi náà ló gbé oògùn ọmọ rẹ mì, òun ló tún bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Ìwọ ọmọ mi, bẹ ìyàwó rẹ. Àna mi, ẹ má jẹ oògùn olóògùn láé. Ojú tó bá ti hunjọ ti hunjọ nìyẹn. Ọmọ náà ló ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi yìí, ó ti na ọwọ́. N kò ní gbé e, ìyàwó mi, àfi bí o bá ní kí n gbé e.