Táyà Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, táyà kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, ó ya débi pé ọwọ́ èèyàn á gba ibẹ̀ kọjá, òórùn rọ́bà tó jóná sì ti gba gbogbo yàrá kan. Mo da aṣọ bò ó, mo gbé àpótí dí i, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ojú mi á kọ́kọ́ lọ kí n tó dáhùn. Ọmọ mi obìnrin wá kí mi lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Màámi, kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní eku ló kú. Èmi tí mo ti ń ta táyà ní Challenge n'Ìbàdàn láti bí ọdún méjìlélógún, èmi náà ni mo wá ń sá fún táyà kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni, torí pé lọ́jọ́ Àìkú ọ̀la yìí, bí mi ò bá la ẹnu mi, àfàìmọ̀ kí èèyàn má kú.

Mufutau ni orúkọ àbúrò mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àbúrò ni ẹnu ń pè é, ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi náà ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ nílé ọkọ. Mo lọ gbé e, mo pọ̀n ọ́n wá sílé ọkọ mi, ọkọ mi olóògbé kò sì bi mí pé èwo ni tèyí. Ní báyìí ó ti di ọkùnrin, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ iná ní Apete, ó fẹ́ Rukayat, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan. Àǹtí ló ń pè mí. Kò ra táyà lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí, kò sì yẹ èyí tí mo bá gbé fún un wò rí. Bí mo bá ní kó jókòó sórí iná, á kọ́kọ́ jókòó ná kó tó bi mí pé kí ló dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Bí ọdún kan sẹ́yìn ló kó sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré. Kì í ṣe eré àsápajúdé ti ojú títì o. Pápá kan wà lọ́nà Ring Road tí wọ́n da kọnkéré sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á to kóònù aláwọ̀ ọsàn kiri, irú èyí tí àwọn tó ń tún títì ṣe máa ń tò, ọkọ̀ á wá máa lọ́ kọjá láàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á mú aago dání. Ẹni tó bá yá jù tí kò sì gbá kóònù ṣubú ló borí. Kò sí ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ju ife onírin kékeré kan lọ. Nígbà tí Mufu kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi, mo ní, "Ṣé kí n kúkú kó ìkòkò mi jáde kí o máa lọ́ láàárín wọn?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wọn wà ní Onírèké, ni olórí ẹgbẹ́ náà, Bàbá Ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Bàbá yìí ló máa ń kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tòun ti ọjọ́ orí wọn, wọ́n á fi téèpù wọn inú ibi tí táyà ń gbé, wọ́n á wá kọ nọ́ńbà táyà tí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ̀ sínú bébà fún ẹni tó ni ín.

Mufu mú bébà tirẹ̀ wá bá mi. 195/50 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa táyà, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí táyà ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà ìkejì yẹn ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó. Bó bá kéré, táyà á lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀tẹ̀, bó bá pọ̀, táyà á ga. 65 ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Mufu tẹ́lẹ̀. Mo wo 50 yẹn, inú bí mi. Ta ló ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rìn nílùú yìí? Láti Challenge dé Apete nìkan, kòtò tó wà níbẹ̀ á fọ́ wíìlì rẹ̀ kí oṣù tó parí. Àwa tí a ń ta táyà n'Ìbàdàn ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé: bí ọ̀nà bá burú, gbé táyà sókè. Oníbàárà á mú nọ́ńbà wá, àwa á wo ọkọ̀ rẹ̀, a ó wo ibi tó ń gbé, a ó fi díẹ̀ kún un, á sì padà wá dúpẹ́. Ojú ni mo fi ń wọn táyà, mi ò lo téèpù rí. Ṣé bàbá tó ń gbé Onírèké, níbi tí títì ti dán, ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?

Mo gbé 205/65 mẹ́rin sílẹ̀, táyà tòkunbọ̀ tó dára, kò tilẹ̀ tíì jẹ rárá. Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí títí di òní. Nídìí iṣẹ́ wa, ṣọ́ọ̀kì la fi ń kọ nọ́ńbà gàdàgbà sójú táyà kí a má baà máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ṣọ́ọ̀kì bá sọ ni oníbàárà ń kà, kò sẹ́ni tó ń wo èyí tí wọ́n rọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà níléeṣẹ́. Mo nu ohun tó wà lójú táyà náà, mo kọ 195/50 sí i. Mo mọ̀ pé Mufu á janpata bó bá rí i pé kì í ṣe ti orí bébà. Mo ní lọ́kàn mi pé kó lọ lò ó ná, pé bí kòtò ò bá yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, n ó sọ fún un, a ó sì jọ fi bàbá náà ṣẹ̀rín. Ó ka ṣọ́ọ̀kì, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun," fọkanáísà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó lọ.

Ohun tí mi ò bèèrè ni pé ó ti gé sípíríǹgì ọkọ̀ náà. Gbogbo wọn ló ń gé e nínú ẹgbẹ́ yẹn, kí ọkọ̀ lè wálẹ̀ kó má sì máa mì bó bá ń yà. Ọkọ̀ wálẹ̀, èmi wá gbé táyà gòkè. Níbo ni wọ́n fẹ́ pàdé bí kò ṣe inú irin? Bàbá tó fi téèpù wọn ọ́n mọ̀. Èmi tí mo fi ojú wọn ọ́n ni mi ò mọ̀.

Ọlọ́run ò tilẹ̀ jẹ́ kí n rí àwáwí, torí ó kìlọ̀ fún mi. Ọjọ́ kẹta, Mufu yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Àǹtí, bí mo bá ti yí ọwọ́ ọkọ̀ dé ìdí, mo ń gbọ́ nǹkan tó ń ha." Lójú ẹsẹ̀ náà ni mo ti mọ ohun tó ń ha. Mo wo ọkọ̀, mo rí i pé ó ti wálẹ̀. Fọkanáísà wà níbẹ̀, jáàkì wà níbẹ̀, 50 tó yẹ wà lórí àtẹ mi, kò lè gba ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn lójú fọkanáísà, lójú àwọn awakọ̀ tó ń pè mí ní ọ̀gá? Mo ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Ṣé bàtà tuntun kì í ha ìwọ náà lẹ́sẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá lọ́hùn-ún, ó ní kí n wá wòran. Bàbá Ẹnjiníà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n lọ tọ́jú ojú wọn. Èmi àti Rukayat dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mufu sáré tàkọ́kọ́, ó dára, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ń sá ìkejì, mo ń gbọ́ ọ ní gbogbo ibi tó bá ti yà, ha, ha, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ láàárín ariwo yẹn. Bó ṣe dé ìyànà tó kẹ́yìn, táyà bẹ́. Ọkọ̀ náà gbé apá kan sókè, mo rí abẹ́ rẹ̀, ó wá kọjú sí ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ fa Rukayat, ọwọ́ mi ò gbé. Òkìtì táyà àlòkù tí wọ́n tò síwájú okùn ló dá a dúró. Láàárín imú ọkọ̀ àti ibi tí Rukayat dúró sí, kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ.

Wọ́n ń fa Mufu jáde, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ torí ó ge ètè ara rẹ̀ jẹ. Ẹ mọ ẹni tí mo sáré lọ bá? Táyà ni. Mo sáré lọ dúró síwájú nọ́ńbà rẹ̀, mo fi ìró mi bò ó. Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà ń pe Àǹtí, Àǹtí, èmi ń fi aṣọ bo táyà. Mo ní kí wọ́n kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí ṣọ́ọ̀bù, pé n ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n bèèrè èyí tó bẹ́, mo ní mo ti jù ú nù. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn, ṣebí èmi lọ̀gá nídìí táyà.

Wọ́n wá ṣèpàdé. Wọ́n ní 50 tí Bàbá kọ ló fà á, pé ó ti lẹ̀ jù, pé irin wíìlì ló gé e. Mufu fúnra rẹ̀ ló na bébà náà sókè lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní kí Bàbá má wọn ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, pé ojú wọn ò ríran. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àwọn gé ti ẹlòmíràn. Ìyẹn ò tilẹ̀ tíì dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e: gbogbo wọn fẹnu kò pé kí oníkálùkù gbé táyà ga. Gbogbo wọn, tí sípíríǹgì ọkọ̀ wọn ti wà ní gígé. Mẹ́rin nínú wọn ti wá bá mi fún 65. Mo ní ọjà ò tíì dé. Ẹnì kan ti lọ rà á níbòmíràn. Mufu ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi yàn án lọ́tẹ̀ yìí, kó ga dáadáa. Mi ò tún tẹ̀ lé bébà ẹnikẹ́ni mọ́."

Lánàá, Bàbá Ẹnjiníà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n yọ bébà náà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Mufu. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Ṣé 50 ni mo kọ yìí, àbí 60 ni mo rò pé mo ń kọ? Mo ti wò ó títí, ojú mi ò dá mi lójú mọ́. Ọmọdé tó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn." Mo wo bébà náà. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ tọ́, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Mo ní, "Bàbá, ó jọ 50." Wọ́n mirí, wọ́n ní, "Á jẹ́ pé èmi ni nìyẹn." Wọ́n ká bébà wọn, wọ́n lọ. Mi ò sùn.

Èṣù kan ń sọ fún mi pé kí n gbé 50 gidi fún Mufu, kí n kọ 65 sí i lójú, kí n tún fi ṣọ́ọ̀kì tún ohun tí ṣọ́ọ̀kì bàjẹ́ ṣe. Òun á yè. Àwọn tó kù ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n ọ̀la ni tèmi, kì í ṣe ogún ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, tí ẹ rò pé ẹ mọ ohun tó dára fún èèyàn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́ sí i létí. Bó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni táyà náà wà. Mo ti dìde báyìí, mo ti fà á jáde, mo ti yí i dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúde ilé mi. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi purọ́ ti parẹ́ lójú ọ̀nà tipẹ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì mìíràn, mo fi kun nọ́ńbà tí wọ́n rọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi funfun báláú, 205/65, mo sì kọjú rẹ̀ sí títì. Mo ti ránṣẹ́ sí Bàbá àti Mufu pé kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ bá mi wá a, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ, ti ṣọ́ọ̀kì ni, àbí ti ọjọ́ tí Mufu ní ó ń ha? Ṣé ó tún lè pè mí ní Àǹtí lẹ́yìn rẹ̀? Ọ̀kadà kan ti dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Mufu ló ń sọ̀ yẹn. Kò tíì wo táyà tó wà nílẹ̀. Èmi ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín.