Omi Tí Mo Bù Sínú Epo Ọkọ̀ Abúlé

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó di pé ẹnu mi dákẹ́. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́. Kingsley ò jalè. Èmi ni mo jalè, èmi Bàbá Ṣèyí tẹ́ ẹ̀ ń dìde fún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ rántí ọdún 2014 tí Nàìjíríà fẹ́ bá Ajẹntínà gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ìgbà tá a bá pàdé àwọn èèyàn yẹn nínú ife àgbáyé, àwọn ló ń nà wá, ó sì máa ń dùn mí bí ẹni pé ilé mi ni wọ́n wá jà. Pọ́ọ̀lù, àbúrò mi, ọ̀rẹ́ mi, mọ̀ pé ó ń dùn mí. Ló bá lọ ra jẹ́ẹ̀sì Ajẹntínà ní Igbókọ̀dá, ó wọ̀ ọ́ wá sílé mi. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ bá mi wá àga tó dáa o, ẹni tó máa nà yín kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀." Ọmọ́lẹ́wà ìyàwó ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀ tòun ti oyún oṣù mẹ́sàn-án. Mo búra lójú gbogbo wọn pé Pọ́ọ̀lù máa bọ́ jẹ́ẹ̀sì yẹn.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí Ajẹntínà fi gbá a wọlé. Kíá làwa náà dá a padà, pákó ilé mi tó wà lórí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ já níbi tá a ti ń fò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n sinmi, wọ́n tún gbá òmíràn wọlé. Jẹnẹrétọ̀ mi bá kú, epo ti tán, kò sì sẹ́ni tó ní epo tà lọ́jọ́ náà. Pọ́ọ̀lù ní àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni kójú má bàa tì mí.

Ẹ mọ kẹ́ẹ̀gì epo tó máa ń wà nínú ọkọ̀ ojú omi abúlé, tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, tó jẹ́ ti aláìsàn tí wọ́n bá ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ti po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, irú ẹ̀ gan-an ni jẹnẹrétọ̀ kékeré mi ń mu. Kingsley tó ń wa ọkọ̀ náà ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹ̀. Mo ní kó yá mi, mo fẹ́ mú sípánà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ta ló ń bi bàbá léèrè? Mo da ìlàjì epo yẹn sínú jálá mi. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá sàn. Kẹ́ẹ̀gì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù bà mí pé Kingsley máa mọ̀, mo bá bu omi odò kún un. Mo ní tó bá dọjọ́ ọjà, n ó ra epo mìíràn dípò ẹ̀. Èmi tí mo ti fi ẹ́ńjìnnì pẹja fún ogójì ọdún, ṣé mi ò mọ̀ pé omi ló ń lọ sísàlẹ̀, pé ìsàlẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń fà á?

Wọ́n nà wá, mẹ́ta sí méjì. Ìyẹn ò tilẹ̀ lé wa kúrò nínú ife ọ̀hún, a ṣì kọjá. Lórí asán ni mo ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán gangan, rọbí mú Ọmọ́lẹ́wà. Mo wà létí omi nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ ọkọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbàdúrà fún mi." Mo gbàdúrà. Mo lanu gbàdúrà, mi ò lè lanu sọ pé omi wà nínú epo. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́ tó sì kú. Kingsley fàjẹ̀ wà á títí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fi bó. Inú ọkọ̀ ni Ọmọ́lẹ́wà bí sí, ẹ̀jẹ̀ ò dá, ó kú kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Pọ́ọ̀lù, tí kò bọ́ jẹ́ẹ̀sì Ajẹntínà látọjọ́ tí wọ́n ti nà wá, bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi wé ọmọ. Ó bọ́ ọ lóòótọ́, bí mo ṣe búra.

Nígbà tá a da kẹ́ẹ̀gì, omi ló jáde. Àwọn àgbà ní Kingsley ti ta epo. Èmi náà jókòó láàárín wọn. Kingsley ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, ẹ rántí pé ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ wo?"

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló wúwo lọ́rùn mi ju omi ọjọ́sí lọ. Ẹ lé e lọ tòun ti Jọọlá ìyàwó ẹ̀, ó ń wò mí títí ọkọ̀ wọn fi yà kúrò lójú mi. Mo gbọ́ pé Warri ló wà. Ẹ bá mi ránṣẹ́ pè é, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, níbi tẹ́ ẹ ti pè é lólè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo bọ́ọ̀lù yín, ẹ fi ara yín ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ tètè kígbe ẹ̀ síta. Ìtìjú ọjọ́ kan péré ni mo sá fún, ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Pọ́ọ̀lù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn fún irú èyí. Látìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, Dùnníolúwa, ọmọ tó o fi jẹ́ẹ̀sì wé, ló ń bu omi wá fún mi láràárọ̀. Bàbá Àgbà ló ń pè mí. Jọ̀ọ́, ka ìwé yìí sí i létí kó tó tún gbé omi wá. Èyí tó gbé wá láàárọ̀ yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Òǹgbẹ ń gbẹ mí. Mi ò tíì lè mu ún.